Ẹrù Tí A Ò Lè Jọ̀wọ́

Ẹ̀yin ọmọ mi, bí ẹ bá bá fáànù tó ti bàjẹ́, korobá ọ̀dà tó ti ṣófo àti abọ́ ìnáwó lóríṣiríṣi nílé òbí yín, ẹ má pe àwọn òbí náà ní ọ̀bùn. Nígbà tí ètò àtúntò ọrọ̀ ajé tí wọ́n ń pè ní SAP dé sí Nàìjíríà ní 1986, náírà já wálẹ̀, ohun tuntun sì di ọ̀wọ́n gógó. Ẹni tó bá tọ́jú wáyà àti irin àlòkù ló ń rí nǹkan tún ṣe. "Ó lè wúlò lọ́la" gba ọ̀pọ̀ ilé là nígbà náà.

Ìdí mìíràn tún wà tí ó fi ń ṣòro láti jọ̀wọ́ ẹrù. Ní 1990, Daniel Kahneman, Jack Knetsch àti Richard Thaler gbé ìwádìí kan jáde. Wọ́n fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan ní ife ìmumi. Iye tí àwọn tó ni ife fẹ́ tà á tó ìlọ́po méjì iye tí àwọn yòókù fẹ́ rà á. Ife kan náà ni o! Kí nǹkan ṣáà ti di tiwa, ojú wa á sọ ọ́ di iyebíye.

Aṣọ ẹbí tí a dá fún ìsìnkú ló nira jù láti jọ̀wọ́. Kò wọ̀ yín mọ́, síbẹ̀ ó ń ṣe yín bí ẹni pé ẹ fẹ́ lé olóògbé jáde. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ẹ mú ẹyọ kan pamọ́, kí ẹ fi ìyókù tọrẹ. Ní ti ike tó ń gba omi òjò lẹ́yìnkùlé, inú rẹ̀ ni ẹ̀fọn ń yé sí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kó o dànù lónìí.