Kí Ẹ Tó Pààrọ̀ Orúkọ Ìjọ

Ẹ̀yin ọmọ wa, ọ̀rọ̀ tí ẹ ń sọ ti dé etí àwa àgbà. Láti Bódìjà dé Agbowó, láti Ring Road dé Challenge, ìjọ tí àwọn ọ̀dọ́ kò ti máa ráhùn pé orúkọ ti gbó kò wọ́pọ̀ mọ́. Ẹ ní ó ti gùn jù. Ẹ ní àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì á kà á lára pátákó, wọn á sì gba ibẹ̀ kọjá lọ síbi tí wọ́n kọ “Global” tàbí “International” sí. N kò ní bú yín. Ẹni tó fẹ́ kí ilé Ọlọ́run kún, ire ló ń wá. Àmọ́ ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ẹ jẹ́ kí a jọ wo ilé.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti Challenge. Ojoojúmọ́ ni àwọn tó ń wa Micra ń pariwo orúkọ yẹn ní Mọ́lété àti Dùgbẹ̀: “Challenge, ó ku ẹnì kan!” Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò mọ̀ pé ilé ìtàwé àwọn míṣọ́nárì SIM ni àdúgbò náà ti rí orúkọ. Challenge Bookshop ni wọ́n ń pè é. African Challenge sì ni ìwé ìròyìn tí míṣọ́n yẹn ń tẹ̀. Kò sí ìpàdé tí wọ́n ti dìbò yan orúkọ àdúgbò yẹn. Àwọn èèyàn ń ra Bíbélì àti ìwé orin níbẹ̀, wọ́n ń fi ibẹ̀ júwe ọ̀nà fún àlejò, orúkọ sì dúró.

Míṣọ́n yìí náà ní ìtàn orúkọ tirẹ̀. Ní oṣù Kejìlá 1893, ọ̀dọ́kùnrin mẹ́ta, Walter Gowans, Thomas Kent àti Rowland Bingham, gúnlẹ̀ sí Èkó. Inú ilẹ̀ lọ́hùn-ún tí àwọn òyìnbó ń pè ní Sudan nígbà náà ni wọ́n ń lọ. Kí 1894 tó parí, Gowans àti Kent ti kú. Bingham padà sílé, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí iṣẹ́ náà kú. Wọ́n tún gbìyànjú títí wọ́n fi rí ibùdó dá sílẹ̀ ní Pátígi, nígbà tó sì di 1908, Tommy Titcombe ti dé Ẹ̀gbẹ̀ ní ilẹ̀ Yàgbà. Ní 1954 ni àwọn ìjọ tí iṣẹ́ yìí bí parapọ̀, wọ́n sì jẹ́ Evangelical Church of West Africa, èyí tí gbogbo wa mọ̀ sí ECWA.

Lẹ́yìn ọdún tó ju 50 lọ, wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Evangelical Church Winning All ni wọ́n ń jẹ́ báyìí. Kí ló fà á? Ìjọ ti kọjá Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Àwọn ọmọ wọn ti gbé e dé Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, kò sì bójú mu mọ́ kí orúkọ máa dá ìjọ mọ sí apá kan ayé. Ẹ wo bí wọ́n ṣe ṣe é: wọn kò fọwọ́ kan lẹ́tà mẹ́rin yẹn. Ìyá tó ti ń pe ECWA láti kékeré kò ní láti kọ́ ahọ́n rẹ̀ ní ìpè tuntun, ọsibítù wọn ní Ẹ̀gbẹ̀ sì ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ lọ. SIM pàápàá ti ṣe bẹ́ẹ̀: Sudan Interior Mission ni tẹ́lẹ̀, Serving In Mission ni lónìí. Iṣẹ́ ló pọ̀ ju orúkọ lọ, wọ́n wá fẹ orúkọ kí ó lè gba iṣẹ́. Bí tiyín bá rí báyìí, èmi gan-an ni n ó kọ́kọ́ nawọ́.

Ní Ìbàdàn wa níbí náà, ní 1914, àwọn Onítẹ̀bọmi dá Yoruba Baptist Association sílẹ̀. Nígbà tí iṣẹ́ wọn tàn kọjá ilẹ̀ Yorùbá, wọ́n di Nigerian Baptist Convention. Ẹni tó jẹ́ ààrẹ wọn àkọ́kọ́ ni Mojọlá Agbébi. David Brown Vincent ni orúkọ tí wọ́n sọ ọkùnrin yìí nígbà tí wọ́n bí i ní 1860. Ó wà lára àwọn tó kúrò lábẹ́ míṣọ́n Amẹ́ríkà ní Èkó ní 1888, tí wọ́n dá Native Baptist Church sílẹ̀. Ní 1894, ó bọ́ Vincent sọnù, ó jẹ́ Agbébi, ó sì kọ aṣọ òyìnbó pátápátá. Nígbà náà, orúkọ òyìnbó ló ń ṣílẹ̀kùn fúnni. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì bọ́ ọ.

Ìdí tí mo fi dúró lórí Agbébi ni pé mo gbọ́ gbólóhùn kan lẹ́nu yín tó dùn mí. Ẹ ní Yorùbá tó wà nínú orúkọ ìjọ ló ń jẹ́ kó dà bí ìjọ àwọn ìyá arúgbó. Ẹ̀yin ọmọ mi, ìtìjú nìyẹn, kì í ṣe iṣẹ́. Ìtìjú kì í sì í dúró sára pátákó. Bó bá mú orúkọ tán, á mú ìwé orin, á mú ìwàásù, àwọn ìyá tó fi owó èlùbọ́ àti owó ata ra búlọ́ọ̀kù ilé ìsìn náà á wá di ẹni tó ń jókòó sẹ́yìn, tí wọn ò gbọ́ ohun tí pásítọ̀ ń sọ.

Ìtàn Christ Apostolic Church (C.A.C.) ni kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́ jù. Ní 1918, nígbà àjàkálẹ̀ àrùn, ẹgbẹ́ àdúrà kan bẹ̀rẹ̀ nínú ìjọ Áńgílíkà ní Ìjẹ̀bú-Òde, wọ́n pe ara wọn ní Ẹgbẹ́ Òkúta Iyebíye. Nígbà tó yá wọ́n kúrò níbẹ̀, wọ́n jẹ́ Faith Tabernacle, orúkọ ìjọ kan ní Philadelphia tó jẹ́ pé lẹ́tà àti ìwé ìròyìn ló so wọ́n pọ̀. Ìsọjí Òkè-Òòyè ní Iléṣà dé ní 1930 lábẹ́ Joseph Ayọ̀ Babalọlá. Ní ọdún kejì, àwọn míṣọ́nárì The Apostolic Church dé láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn èèyàn wa sì gba orúkọ yẹn. Kò pẹ́ tí wọ́n rí i pé àwọn míṣọ́nárì ń lo kìnínì. Àwọn tiwọn ti wàásù pé Ọlọ́run nìkan ni oníwòsàn, wọn kò sì lè gbé e mì. Èmi ò bá wọn gbà lórí oògùn o. Bí ara yín kò bá yá, ẹ gba ọsibítù UCH lọ. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ rí ni pé ohun tí wọ́n gbàgbọ́ ló lé wọn kúrò nínú orúkọ tó ní àtìlẹ́yìn òyìnbó. Wọ́n jẹ́ Nigerian Apostolic Church, wọ́n jẹ́ United Apostolic Church, kí wọ́n tó fìdí kalẹ̀ sórí Christ Apostolic Church, tí ìjọba forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní ọjọ́ 4 oṣù Karùn-ún 1943.

Ọmọ Ìbàdàn ni ààrẹ wọn àkọ́kọ́, Isaac Babalọlá Akínyẹlé, tó wá di Olúbàdàn ní 1955. Alexander, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kò kúrò nínú Áńgílíkà. Òun ló dá Ibadan Grammar School sílẹ̀ ní 1913, òun náà ni bíṣọ́ọ̀bù àkọ́kọ́ fún Ìbàdàn ní 1952. Ọmọ ìyá méjì, orúkọ ìjọ méjì, ìlú kan náà. Nígbà tí ẹnìkan bá sọ fún yín pé ẹni tí kò bá gba orúkọ tuntun ti di ọ̀tá ìjọ, ẹ rántí ilé Akínyẹlé.

Ní ti òfin, ẹ má ṣe é ní kíákíá. Ìpàdé gbogbo ọmọ ìjọ ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Ẹ ó gba àṣẹ ní Corporate Affairs Commission, ẹ ó sì kéde rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn kí ẹni tó bá ní àtakò lè wí tẹnu rẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ wo ìwé ilẹ̀, ìwé báǹkì, ìwé ilé ẹ̀kọ́, àti ìwé ìhágún tí òkú kan ti fi fún ìjọ ní ilẹ̀ lórúkọ àtijọ́. Ọ̀pọ̀ ẹjọ́ ilẹ̀ ìjọ ló ń bẹ̀rẹ̀ láti inú irú ìwé tí orúkọ rẹ̀ kò bára mu bẹ́ẹ̀.

Kí ọjọ́ ìpàdé tó pé, ẹ mú ìwé kan, ẹ lọ bá àwọn ìyá àti bàbá tó ti ju ọgọ́rin ọdún lọ nílé wọn, nítorí ọ̀pọ̀ wọn kò lè gun àtẹ̀gùn ilé ìsìn mọ́. Ẹ kọ ohun tí wọ́n bá rántí nípa ẹni tó mú orúkọ náà wá àti ohun tó ná wọn láti jẹ́ ẹ. Bí ẹ bá dé ìpàdé, kí wọ́n kọ́kọ́ ka ìwé yẹn sétí gbogbo ìjọ. Lẹ́yìn náà kí ọ̀kan nínú yín dìde, kó sọ iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe tí orúkọ yìí kò gbà mọ́, kí akọ̀wé sì kọ ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó dìbò.