Ibi Tí Ilé Oúnjẹ Yóò Kó Ohun Àtúnlò Pamọ́ Sí

Àwọn kan nínú yín tí ẹ ń ta oúnjẹ ti ń béèrè bí ilé oúnjẹ ṣe lè gba ìwé-ẹ̀rí pé òun kò ba àyíká jẹ́. Ẹgbẹ́ Green Restaurant Association ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1990, máa ń fún ilé oúnjẹ ní irú rẹ̀. Lára ohun tí wọ́n ń béèrè ni pé kí ilé oúnjẹ máa ya ohun àtúnlò sọ́tọ̀, kó má sì lo abọ́ fóòmù. Ti fóòmù kì í ṣe ọ̀rọ̀ òkèèrè mọ́. Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ti kéde òfin tó dè é ní oṣù kìíní ọdún 2024. Ti ìyàsọ́tọ̀ ni mo fẹ́ sọ, nítorí bí a kò bá ṣe é dáadáa, àrùn ni a ń kó jọ sẹ́yìn ilé ìdáná.

Ẹ má tíì ra garawa. Ẹ kọ́kọ́ ka ìdọ̀tí yín fún ọ̀sẹ̀ kan: ike omi mélòó, agolo mélòó, páálí mélòó lójúmọ́. Ká ní ike 120 ló ń jáde lójúmọ́, tí ẹ sì ń tajà fún ọjọ́ 6, ike 720 ni yóò wà nílẹ̀ kí ọkọ̀ tó dé. Ẹ tẹ ike pẹlẹbẹ, kí ẹ máa kà á sínú àpò kan títí yóò fi kún. Bó bá gba 90, àyè àpò 8 ni ẹ nílò. Ẹ fi àyè àpò 2 kún un, torí ọkọ̀ kì í fi gbogbo ìgbà dé lọ́jọ́ tó dá. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń kùnà: wọ́n á to garawa aláwọ̀ mẹ́ta síwájú kí oníbàárà lè rí i, ẹ̀yìn kò sì ní àyè kankan.

Ibi ìkópamọ́ gbọ́dọ̀ jìnnà sí oúnjẹ, kó ní òrùlé, kí ilẹ̀ rẹ̀ jẹ́ sìmẹ́ńtì tó ṣeé fọ̀. Ẹ gbé àpò ka orí pákó kí ẹ lè máa rí abẹ́ rẹ̀. Eku ni mò ń sá fún. Ìtọ̀ àti ìgbẹ́ eku tó ń gbé ibà Lassa kiri ló ń kó o ràn wá, agolo tòmátò tí a kò ṣàn sì dà bí àsè fún un. Omi tí ẹ fi ṣan abọ́ tó láti ṣàn án. Ẹ dorí rẹ̀ kodò kó gbẹ. Páálí tí epo bá ti rin, ẹ yọ ọ́ kúrò kó má ba ìyókù jẹ́. Àjẹkù oúnjẹ kò gbọ́dọ̀ sùn níbẹ̀ rárá.

Ẹ̀fọn ńkọ́? Láti ẹyin títí di ẹ̀fọn tó ń fò lè má ju ọjọ́ 7 sí 10 lọ, omi díẹ̀ nínú ike sì tó tanwíjí. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí ọkọ̀ wá kó o lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ó kéré tán. Oṣooṣù tí àwọn kan ń yàn kí owó má baà pọ̀ kò tó.

Òróró tó ti dúdú, inú kẹ́ẹ̀gì onídérí ni kó wà. Ẹni tó bá fẹ́ rà á gbọ́dọ̀ sọ ohun tó fẹ́ fi ṣe, kó má baà padà sínú agbada ẹlòmíràn.

Ike blíìṣì àti ti oògùn kòkòrò kò gbọ́dọ̀ bá ike omi wọ àpò kan. Àwọn tó ń ta zóbò àti epo pupa máa ń ra ike àlòkù, kò sì sí bí a ṣe lè fọ ike oògùn kòkòrò tó tí èmi apòògùn yóò fi gbà kí ènìyàn mu nǹkan nínú rẹ̀. Ẹ fi ọ̀bẹ lu ìdí rẹ̀ kí ẹ tó gbé e jáde.