Fífi Àwọ̀ Kún Àwòrán Inú Ara

Bí ọmọdé bá já bọ́ lórí àpáta ní Ọ̀kà tàbí ní Ìkàrẹ́, tí apá rẹ̀ sì wú, dókítà a ní kí a lọ ya àwòrán egungun rẹ̀. Nínú àwòrán náà, egungun a funfun, ẹran ara a rí bí eérú, afẹ́fẹ́ a sì dúdú. Kò sí pupa ẹ̀jẹ̀ níbẹ̀ rárá. Kí ni ìdí rẹ̀? Ìtànṣán tí Röntgen ṣàwárí ní ilẹ̀ Jámánì ní ọdún 1895 kì í ṣe irú ìmọ́lẹ̀ tí ojú ń rí. Ó ń la ara kọjá. Ibi tí ara bá ti ki ni ó ti ń dí i lọ́nà jù. Èyí nìkan ni àwòrán náà ń sọ.

Ẹ̀rọ tí Hounsfield ṣe, èyí tí a kọ́kọ́ fi ya àwòrán aláìsàn ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1971, tún tẹ̀ síwájú. Ó ń ya inú ara ní ìpele-ìpele, bí ẹni ń gé iṣu, ó sì ń fún ibi kékeré kọ̀ọ̀kan ní iye tirẹ̀: iye omi ni 0, ti afẹ́fẹ́ sì fi 1,000 rẹlẹ̀ sí i. Ṣùgbọ́n iye kì í ṣe àwọ̀.

Níbo ni àwọ̀ yóò ti wá nígbà náà? Ní ọdún 1994, ilé ìkàwé ìṣègùn ti ìjọba Amẹ́ríkà gbé àwòrán ara ọkùnrin kan jáde, ẹni tí ó ti yọ̀ǹda òkú rẹ̀ fún ìmọ̀. Wọ́n fi ẹ̀rọ ya inú òkú náà. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n mú kí ó dì bíi yìnyín, wọ́n ń fá a ní mílímítà kan-kan, wọ́n sì ń ya fọ́tò aláwọ̀ ibi tí ó bá yọ. Báyìí ni a ṣe ní àwòrán eléérú àti aláwọ̀ ti ibi kan náà. Bí a bá fi irú méjì-méjì bẹ́ẹ̀ han kọ̀ǹpútà lọ́pọ̀lọpọ̀ ìgbà, yóò kọ́ bí ẹ̀dọ̀, iṣan àti ọ̀rá ṣe máa ń rí, yóò sì lè kun àwòrán mìíràn tí kò rí rí.

Èyí wúlò púpọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn a tètè mọ ẹ̀yà ara, aláìsàn pàápàá a sì lóye ohun tí dókítà ń fi hàn án. Síbẹ̀ ewu wà níbẹ̀. Ẹni tí ó mọ òkè Ọ̀kà dáadáa, bí ó bá wò ó láti òkèèrè nínú kùrukùru ọyẹ́, lè sọ pé koríko ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú. Ṣùgbọ́n bí iná bá ti jó koríko náà ní àná, dúdú ni ó wà. Ìrántí ni onítọ̀hún fi sọ̀rọ̀, kì í ṣe ojú. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni kọ̀ǹpútà: àwọ̀ ara ẹlòmíràn ni ó fi ń kun ara aláìsàn. Bí àrùn bá ti pa àwọ̀ ẹ̀dọ̀ dà, ó lè kùn ún bí ẹ̀dọ̀ ẹni tí ara rẹ̀ le.

Àwọn àgbà ní ojú kì í rí arẹwà kí ó má kì í. Ẹ jẹ́ kí a kí àwòrán aláwọ̀. Ṣùgbọ́n dókítà tí yóò gba ẹ̀mí là gbọ́dọ̀ fi ti eléérú ṣe ẹ̀rí.

Ìbéèrè
1. Kí ni ìdí tí àwọ̀ ẹ̀jẹ̀ kò fi sí nínú àwòrán egungun?
2. Báwo ni kọ̀ǹpútà ṣe ń kọ́ àwọ̀ ẹ̀yà ara?
3. Kí ni òǹkọ̀wé fi àpèjúwe òkè Ọ̀kà kọ́ wa?