Orí Kẹjọ: Bí Ẹ̀jẹ̀ Kò Bá Dé Ẹsẹ̀ Dáadáa

Ká ní ìyá kan ń ta ẹja ní ọjà Ifọ̀. Bó bá rìn díẹ̀, ẹran ẹ̀yìn ojúgun rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó. Bó bá dúró, ìrora á lọ. Bó bá tún rìn, ó tún dé. Ará ilé á ní làkúrègbé ni, wọ́n á ra àgúnmu fún un. Ó lè má jẹ́ làkúrègbé rárá; ó lè jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ kò dé ẹsẹ̀ rẹ̀ dáadáa ni.

Inú iṣan ni ẹ̀jẹ̀ ń gbà dé ẹsẹ̀. Sìgá, àtọ̀gbẹ, ẹ̀jẹ̀ ríru àti ọjọ́ orí máa ń jẹ́ kí ọ̀rá lẹ̀ mọ́ inú iṣan náà títí ọ̀nà á fi há. Ẹsẹ̀ á tutù. Egbò kékeré tí bàtà dá síni lẹ́sẹ̀ ò ní jinná. Bó bá pẹ́, ẹsẹ̀ lè kú, kí dókítà sì gé e.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ stem cell ti wọlé. Sẹ́ẹ̀lì tó lè di oríṣiríṣi sẹ́ẹ̀lì mìíràn ni, ó sì wà nínú mùdùnmúdùn egungun wa. Ní 2002, àwọn dókítà Japan ròyìn pé àwọn fa mùdùnmúdùn láti egungun ìbàdí aláìsàn, àwọn sì fi abẹ́rẹ́ gún un sínú ẹran ẹsẹ̀ rẹ̀, kí iṣan tuntun lè hù. Ara àwọn kan yá, inú ayé sì dùn. Ṣùgbọ́n ní Netherlands, wọ́n dán irú rẹ̀ wò lára aláìsàn 160: wọ́n fi mùdùnmúdùn sínú iṣan àwọn kan, wọ́n fún àwọn yòókù ní ohun tó jọ ọ́ lásán. Èsì rẹ̀ jáde ní 2015: kò dín gígé ẹsẹ̀ kù.

Lóòótọ́, ní 2011, ilé ìwòsàn UBTH ní ìlú Benin fi mùdùnmúdùn wo ọmọ tó ní àrùn fòníkúfọ̀ladìde. Àrùn ẹ̀jẹ̀ nìyẹn. Ọ̀tọ̀ ni ti ẹsẹ̀. Ẹni tó bá ń ta stem cell oníkóró tàbí onígò fún yín, owó yín ló ń wá.

Bí ẹsẹ̀ bá ń ro yín bíi ti ìyá yẹn, dókítà á wọn ìfúnpá apá àti ti ọrùn ẹsẹ̀, á fi wọ́n wéra. Bí ti ẹsẹ̀ bá kéré jù, ọ̀nà ti há nìyẹn. Ó lè fún yín lóògùn, ó sì lè ní kí ẹ máa rìn lójoojúmọ́: bó bá dùn yín, ẹ dúró, kí ẹ tún máa lọ. Ẹ jáwọ́ nínú sìgá. Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ, ẹ má ki ẹsẹ̀ bọ omi gbígbóná, nítorí ó lè jó yín láìjẹ́ pé ẹ mọ̀.

Ará Ifọ̀, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba tó wà nílùú. Ará Mowé àti Ìbafò, ilé ìwòsàn OOUTH wà ní Ṣágámù. Bí ọmọ ìka ẹsẹ̀ bá ti ń di dúdú, ẹ má dúró de ọjọ́ kejì.