Ilé Ẹ̀gbọ́n ní Phoenix, Ìran Wíwò ní Grand Canyon

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n mi ń gbé ní Phoenix, ní Arizona. Èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi fẹ́ lọ kí i ní oṣù keje, ká sì dé Grand Canyon. Ṣé ọjọ́ kan tó?

Ìdáhùn: Bó bá ṣeé ṣe, ẹ sún un sí oṣù kọkànlá tàbí oṣù kẹta. Lóṣù keje, ooru Phoenix sábà máa ń kọjá 40 lórí òṣùwọ̀n Celsius, kì í sì í ṣe irú ooru Èkó tí ń mú aṣọ lẹ̀ mọ́ni lára. Òógùn á ti gbẹ kẹ́ ẹ tó mọ̀ pé ẹ làágùn. Omi ni kẹ́ ẹ máa mu, kì í ṣe mínírà.

Grand Canyon tó nǹkan bíi wákàtí mẹ́ta àbọ̀ nínú mọ́tò. Àlọ àtàbọ̀ lóòjọ́ kan kì í ṣe ìgbádùn, ìyà ni. Ẹ sùn síbẹ̀, kẹ́ ẹ rí bí àpáta ṣe ń pọ́n nígbà tí oòrùn bá ń wọ̀. Ẹ mú súwẹ́tà dání o! Etí ibẹ̀ lápá gúúsù ga tó 2,100 mítà, òtútù alẹ́ rẹ̀ kò mọ àlejò.

Bẹ́ ẹ bá fẹ́ dé Antelope Canyon, ilẹ̀ àwọn Navajo, ẹ̀yà ìbílẹ̀ Amẹ́ríkà kan, ni. Ẹ ò lè wọ̀ ọ́ láìsí afinimọ̀nà, nítorí náà ẹ tètè sanwó sílẹ̀. Ẹ ṣọ́ aago pẹ̀lú: Phoenix kì í yí aago nígbà ooru, àmọ́ ìjọba Navajo ń fi tiwọn sí iwájú ní wákàtí kan.

Àwọn ọ̀rẹ́ yín ńkọ́? Ẹ ti sọ fún ẹ̀gbọ́n yín pé wọ́n ń bọ̀?