Oníbàárà Mọ́kànlá, Ímeèlì Kan

ÌBÉÈRÈ: Mo ní ilé-iṣẹ́ ìpolówó kékeré kan n'Íbàdàn, àwa mẹ́ta là ń ṣe é. Oníbàárà mọ́kànlá ló gbé pèèjì Facebook àti Instagram wọn lé wa lọ́wọ́, a sì ń bá mẹ́rin nínú wọn polówó lórí Google. Ímeèlì èmi fúnra mi ni mo fi ṣí èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn àkáǹtì yìí. Páásíwọọ̀dù àwọn yòókù wà nínú ìwé kan nínú dúrọ́ọ̀ mi. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ iṣẹ́ mi gbé àwòrán àmàlà àti gbẹ̀gìrì sórí pèèjì ilé ìwòsàn eyín. Láti ọjọ́ náà ni mi ò ti róorun sùn. Bí oníbàárà kan bá ní òun ń lọ ńkọ́? Bí Facebook bá ti àkáǹtì èmi gan-an pa ńkọ́? — Ẹni tí kò róorun sùn, Ìbàdàn.

ÌDÁHÙN: Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ àmàlà kúrò nílẹ̀. Àmàlà kì í ká ẹnikẹ́ni léyín, oníṣègùn yẹn pàápàá mọ̀. Bí ẹ bá ti pa àwòrán náà rẹ́, tí ẹ sì ti tọrọ àforíjì, ọ̀rọ̀ ti tán. Kó má baà tún ṣẹlẹ̀, ẹ ṣí profile ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nínú Chrome fún oníbàárà kọ̀ọ̀kan, kí ẹ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní àwọ̀ tirẹ̀. Bí ilé ìwòsàn bá jẹ́ búlúù, tí ilé oúnjẹ jẹ́ pupa, ojú ọmọ iṣẹ́ yóò ti rí i kí ọwọ́ rẹ̀ tó tẹ̀ ẹ́.

Ẹ̀rù yín tó kù, bí mo ṣe kà á, orí ìbéèrè kan ló dúró lé: ta ló ni àkáǹtì? Oníbàárà ni. Ẹni tí onílé ní kó máa bá òun mójú tó ilé kì í fi orúkọ ara rẹ̀ ra ìwé ilẹ̀ náà. Ohun tí ẹ nílò ni àyè láti wọlé ṣiṣẹ́.

Lọ́dọ̀ Google, ọ̀nà ti là tipẹ́. Ẹ ṣí manager account (àkáǹtì àgbà tí kì í polówó fúnra rẹ̀, tó kàn ń kó àkáǹtì àwọn oníbàárà jọ sójú kan). Ọ̀fẹ́ ni. Àwọn tó ti wà nídìí iṣẹ́ yìí láti ayé AdWords (orúkọ tí ìpolówó Google ń jẹ́ tẹ́lẹ̀) ṣì ń pè é ní MCC. Oníbàárà yóò fún yín ní nọ́ńbà àkáǹtì rẹ̀, èyí tó ní díjíìtì 10. Ẹ ó fi nọ́ńbà yìí béèrè àyè, òun náà yóò wọ inú àkáǹtì rẹ̀ lọ tẹ̀ pé òun gbà. Káàdì tirẹ̀ ni kí owó ìpolówó máa ti jáde. Bí ẹ bá pínyà lọ́la, ẹ ó já ìsopọ̀ náà, gbogbo àkọsílẹ̀ ìpolówó rẹ̀ yóò sì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ti Meta, ilé-iṣẹ́ tó ni Facebook àti Instagram, ló máa ń da àwọn ènìyàn láàmú, torí orúkọ ń yí lemọ́lemọ́. Business Manager tí wọ́n gbé jáde ní 2014 ló di business portfolio báyìí (àpò tí ilé-iṣẹ́ ń kó pèèjì, Instagram àti àkáǹtì ìpolówó rẹ̀ sí). Kí oníbàárà ṣí tirẹ̀, kí ẹ̀yin ní tiyín, kí ó wá lo nọ́ńbà portfolio yín láti fi yín ṣe partner (alábàáṣiṣẹ́ tí wọ́n yọ̀ǹda iṣẹ́ kan pàtó fún). Ẹ̀yin ni ẹ ó wá pín àyè náà fún àwọn ọmọ iṣẹ́ yín, tí ọ̀kan bá sì kúrò, ẹ yọ orúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó tán. Ẹ ṣọ́ra níbì kan o: pèèjì kan kò lè jẹ́ ti portfolio méjì. Bí ẹ bá ti gbé pèèjì oníbàárà sínú tiyín, kò ní rí i gbé sínú tirẹ̀ àfi tí ẹ bá tú u sílẹ̀. Ibẹ̀ nìjà ti ń bẹ̀rẹ̀, pàápàá nígbà tí owó oṣù méjì bá wà nílẹ̀. Àwọn kan a máa di pèèjì mú nítorí gbèsè. Èmi ò fara mọ́ ọn rárá. Ìwé àdéhùn ló yẹ kó gba gbèsè.

Ẹ̀rù pé Facebook lè ti àkáǹtì yín pa, òótọ́ wà níbẹ̀ díẹ̀, torí profile ti ara ẹni ni gbogbo wa fi ń wọ portfolio. Ẹ má jẹ́ kí ó ku ẹyọ ẹnì kan tó ní àṣẹ kíkún. Ẹ jẹ́ méjì, kí ẹ̀yin méjèèjì sì tan ìjẹ́rìísí ìpele méjì (kóòdù tí wọ́n ń béèrè lẹ́yìn páásíwọọ̀dù). Láti ìgbà náà, orí fóònù yín ni kóòdù yóò máa wá. Ẹ ò tún ní máa pe oníbàárà láago mọ́kànlá alẹ́ pé, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, nọ́ńbà mẹ́fà kan ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé sórí fóònù yín," kí mà náà sì wà ní Mẹ́kà. Ìwé inú dúrọ́ọ̀ yẹn, ẹ kó ohun tó kù nínú rẹ̀ sínú Bitwarden tàbí irú rẹ̀ (àpótí orí kọ̀ǹpútà tí ń tọ́jú páásíwọọ̀dù), kí ẹ sì dáná sun ún.

Ẹ ò bi mí nípa owó, àmọ́ ó wà ńbẹ̀. Bí ẹ bá ń ronú àtilo irinṣẹ́ olówó oṣooṣù bíi Buffer, iye pèèjì ni wọ́n fi ń ṣírò owó. Oníbàárà 11 tó ní pèèjì mẹ́ta-mẹ́ta ti di 33, dọ́là sì ni. Ẹni tó rí ohun tójú náírà rí láti oṣù kẹfà 2023 kò ní bá oníbàárà dá iye kan náà ní náírà fún odidi ọdún. Bí oníbàárà bá lọ, ẹ yọ pèèjì rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, torí Buffer ò mọ̀ pé ó ti lọ.

Bí ẹ ó bá sì máa bá wọn fi ímeèlì ránṣẹ́ pẹ̀lú irinṣẹ́ bíi Mailchimp, ẹ má kó oníbàárà méjì sínú àkáǹtì kan. Orúkọ ìwọlé kan ṣoṣo lè wọ àkáǹtì púpọ̀ níbẹ̀. Bí oníbàárà kan bá lọ ra àdírẹ́sì ímeèlì àwọn àjèjì, tí wọ́n sì ń fẹ̀sùn spam (ímeèlì tí wọn ò béèrè fún) kàn án, àkáǹtì tirẹ̀ nìkan ni kí wọ́n tì. Òfin Ààbò Dátà tí Nàìjíríà ṣe ní 2023 sì fẹ́ kí àdéhùn wà ní kíkọ láàárín ẹni tó ni àkójọ orúkọ àwọn ènìyàn àti ẹni tó ń bá a lò ó.

Ẹ má gbé mọ́kànlá lọ́jọ́ kan. Ọ̀dọ̀ oníbàárà tí ẹ̀ ń fura pé yóò kọ́kọ́ lọ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì ṣe é kí ẹ tó fi ìwé owó oṣù tó ń bọ̀ ránṣẹ́ sí i. Kí ẹ tó yọ ímeèlì yín kúrò nínú àkáǹtì èyíkéyìí, ẹ jẹ́ kí oníbàárà fúnra rẹ̀ wọlé síbẹ̀ lójú yín.