Má Dúró De Ẹ̀jẹ̀

Àbúrò mi, sún mọ́ mi, ọ̀rọ̀ abẹ́ aṣọ ni mo fẹ́ bá ọ sọ.

Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń yọ lójú ara rẹ lẹ́yìn ìbálòpọ̀, tàbí kí nǹkan oṣù tó dé, tàbí tí ìyá wa tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti dá tipẹ́ tún rí ẹ̀jẹ̀, má sọ pé jẹ̀dí ni. Má ra àgbo. Dókítà ni kí o lọ bá. Ohun tó ń dùn mí ni pé ìgbà tí a bá fi rí ẹ̀jẹ̀ yẹn, jẹjẹrẹ ọrùn ilé-ọmọ ti lè pẹ́ lára.

Fáírọ́ọ̀sì HPV ló sábà ń fà á, ìbálòpọ̀ la sì fi ń kó o. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni torí ẹ̀ pe obìnrin ní oníṣekúṣe. Ẹni tí kò mọ ju ọkọ kan lọ lè ní i. Lára ọ̀pọ̀ wa, á lọ fúnra rẹ̀. Bí kò bá lọ, ó lè gba ọdún 15 sí 20 kó tó di jẹjẹrẹ. Nínú gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, àyẹ̀wò lè bá a níbi tó sá pa mọ́ sí.

Bí o bá ti pé ọmọ ọdún 30, lọ ṣe àyẹ̀wò náà. Bí o bá ní HIV, láti 25 ni. Wọ ìró tàbí yẹ̀rì, kó lè rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Má lọ lásìkò nǹkan oṣù. Bí ojú bá ń tì ọ́, ní kí obìnrin ṣe é fún ọ. Níbi tí wọ́n ti ń ṣe èyí tí wọ́n ń pè ní VIA, nọ́ọ̀sì á fi irin kan la ojú ara rẹ, á fi òwú tí wọ́n rì sínú fínégà kan ọrùn ilé-ọmọ, á sì dúró díẹ̀. Ibi tí kò dáa á funfun. Ó lè ni ọ́ lára díẹ̀; máa mí, tú ara sílẹ̀.

Bí wọ́n bá rí funfun, má sunkún, wọn ò tíì sọ pé jẹjẹrẹ ni. Wọ́n lè fi òtútù tàbí ooru pa ibẹ̀ run, nígbà mìíràn lọ́jọ́ kan náà, ilé-ọmọ rẹ á sì wà níbẹ̀.

Bí ó bá mú ìfura dání, wọ́n á gé díẹ̀ lára rẹ̀ lọ yẹ̀ wò. Jẹjẹrẹ tí kò tíì rìn jìnnà, iṣẹ́ abẹ lè mú un kúrò. Èyí tó ti tàn yí ká ibẹ̀, ìtànṣán àti oògùn cisplatin ni, lẹ́yìn náà ìtànṣán tí wọ́n ń gbé sínú ara gan-an. Jọ̀ọ́, parí rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ lè dá kí ìtọ́jú tó parí. Má torí ìyẹn jókòó sílé. Mú ẹnì kan dání lọ sílé ìwòsàn nígbàkúùgbà.

Ọmọ rẹ obìnrin ńkọ́? Láti oṣù kẹwàá ọdún 2023 ni abẹ́rẹ́ àjẹsára HPV ti wọ ètò àjẹsára ìjọba Nàìjíríà, ọ̀fẹ́ ni, ẹ̀ẹ̀kan péré, fún ọmọbìnrin ọdún 9 sí 14. Irọ́ ni pé ó ń sọni di àgàn. Lọ́jọ́ tí o bá mú un lọ gbà á, béèrè ibi tí wọ́n á ti ṣe àyẹ̀wò tìrẹ náà.